Igbà Akọ̀pẹ: Ìtàn Ààbò Ẹni Tí Ń Ṣiṣẹ́ ní Òkè, ní Agbègbè Ìwó àti ní Ibòmíràn

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ohùn nìkan yà sọ́tọ̀, igbá, igba, ìgbà àti igbà wà lára àwọn tí olùkọ́ máa ń kọ́kọ́ kọ sí ojú pátákó. Ọmọ ilé-ìwé mọ igbá tí a fi ń bu omi. Ó mọ igba tí í ṣe ogún lọ́nà mẹ́wàá, ó sì mọ ìgbà òjò yàtọ̀ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igbà nìkan ni ó máa ń mú un dúró díẹ̀, àgàgà bí ó bá jẹ́ pé ìlú ńlá ni a ti bí i. Olùkọ́ a wá sọ fún un pé okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ ni, ẹ̀kọ́ a sì tẹ̀síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kékeré yìí ní ìtàn nínú. Ohun èlò tí ó ń jẹ́ orúkọ yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin ilẹ̀ Yorùbá fi ẹ̀mí wọn rọ̀ mọ́, láti ìran dé ìran, kí ìjọba kankan ní ilẹ̀ wa tó ṣe òfin nípa ààbò ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ibi gíga.

Agbègbè Ìwó, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti ìgbà tí a ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní 1991, jẹ́ ibi tí ó dára láti ti wo ọ̀ràn yìí. Ilẹ̀ ibẹ̀ wà ní ẹ̀bá ibi tí igbó ti ń di ọ̀dàn. Ọ̀pẹ àtijọ́ tí ó wà ní irú oko bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí a gbìn ní ìlà-ìlà. Ó hù fúnra rẹ̀ ni, àwọn àgbẹ̀ sì dá a sí nígbà tí wọ́n ń ṣán oko. Irú ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀ a máa ga gan-an, nítorí pé ó ń bá àwọn igi mìíràn du oòrùn. Bí ó bá pẹ́ láyé, ó lè ju ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ. Nígbà tí òwò ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní etí òkun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, epo ni àwọn oníṣòwò Bàdágírì àti ti Èkó ń wá kiri, nítorí pé àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, wọ́n sì ń fi í pa ẹ̀rọ lára. Lẹ́yìn náà ni èkùrọ́ pẹ̀lú di ọjà. Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Láti ìgbà náà ni epo àti èkùrọ́ apá ibẹ̀ ti rí ọ̀nà tí ó yá dé Èkó.

Àwọn òpìtàn ti kọ púpọ̀ nípa iye owó epo, nípa àwọn olórí ogun tí ń gba owó ibodè lórí rẹ̀, àti nípa àwọn obìnrin tí ń fún un. Akọ̀pẹ ni wọn kò kọbi ara sí tó. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdì ẹyìn kan tí a gé láti orí ọ̀pẹ gíga, nígbà tí epo Yorùbá ń tan àbẹ́là ní òkè òkun, tí kì í ṣe pé ọkùnrin kan gòkè lọ bá a. Ẹni tí ó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ igbà kò ju ọ̀rọ̀ ẹmu lọ yóò ṣìnà ní Ìwó. Ìlú náà wà lára àwọn ìlú Yorùbá tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tètè fìdí múlẹ̀ nínú wọn. Olúwòó Mọmọdu Lámúyẹ, tí ó jọba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, jẹ́ ọba Mùsùlùmí. Adẹ́mu nílò igbà, akọ̀pẹ tí ń gé ẹyìn nílò rẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí kò sì fi ẹnu kan ẹmu rí ń jẹ epo.

Igbà kì í ṣe okùn lásán. Okùn tí ó rọ̀ kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé yóò wọ́ mọ́ ara igi ni, akọ̀pẹ kò sì ní lè jù ú sókè. Ohun tí a ń fẹ́ ni okùn tí ó nípọn, tí ó le díẹ̀, tí ó lè dúró ní ribiti fúnra rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń wá fọ́nrán líle láti ara imọ̀ ọ̀pẹ, àti àwọn ìtàkùn igbó tí kì í tètè já, tí a ó lọ́ wọn pọ̀ títí wọn yóò fi di ọ̀kan. Ara ọ̀pẹ ni a ti ń rí ohun tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Akọ̀pẹ a mú igbà yí ìdí igi ká, a yí ara rẹ̀ ká pẹ̀lú, a sì so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Láti ìgbà náà, òun àti ọ̀pẹ wà nínú òrùka kan náà. Igbà a gba ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ a tẹ ara igi. Nígbà tí ó bá fẹ̀yìn tì, ìwúwo ara rẹ̀ ni ó ń fa igbà mọ́ igi. Bí ó bá ṣe fẹ̀yìn tì tó ni igbà ṣe ń di igi mú tó. Nígbà tí ó bá fẹ́ gòkè, a fi ara sún mọ́ igi díẹ̀ kí igbà lè dẹ̀, a jù ú sókè, a tún fẹ̀yìn tì í, a sì gbé ẹsẹ̀ sókè. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí yóò fi dé abẹ́ imọ̀.

Ohun kan wà nínú èyí tí ó yẹ ní kíkíyèsí. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí ó dì mọ́ ọ̀pẹ gbágbágbá, ni igbà rẹ̀ ń dẹ̀. Ẹni tí ó fọkàn balẹ̀, tí ó fẹ̀yìn ti igbà, ni igbà ń gbé ró. Ìdí nìyí tí ọmọdé tí ń kọ́ṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀pẹ kúkúrú, níbi tí bí ó bá tilẹ̀ ṣubú, kò ní ṣe ju kí ó fi ìdí gbo ilẹ̀ lọ. Ohun tí ó ń kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe agbára apá. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń gbára lé okùn. Ó sì ń kọ́ láti mọ igi. Ọ̀pẹ tí kùkùté imọ̀ ṣì wà lára rẹ̀ a máa di igbà mú dáradára. Èyí tí ó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ ti dán, a máa yọ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò.

Ṣùgbọ́n agbára igbà ní ibi tí ó mọ. Ibi tí ó léwu jù kì í ṣe àárín ọ̀nà bí kò ṣe òkè pátápátá. Níbẹ̀ ni akọ̀pẹ ti ń fi ọwọ́ kan ju àdá tàbí àáké, tí ó ń gé imọ̀ kí ó tó lè dé ìdí ẹyìn, tí okùn tí ó gbé e ró kò sì jìnnà sí ojú irin mímú náà. Ìdì ẹyìn tí ó wúwo lè ya lù ú bí ó bá ti já. Oyin lè wà lábẹ́ imọ̀, ejò sì lè lúgọ síbẹ̀. Ẹni tí oyin bá ká mọ́ orí ọ̀pẹ kò ní ibi tí yóò sá sí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì a sì fẹ́ fi igi sílẹ̀ láti gbá a dànù. Bí igbà bá ti gbó nínú, tí òjò àti oòrùn ti jẹ ẹ́, tàbí tí ikán tàbí eku ti gé fọ́nrán rẹ̀, ojú kì í tètè rí i. Akọ̀pẹ tí ó gbọ́n a máa fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ fẹ̀yìn ti igbà ní ìdí ọ̀pẹ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Ìdánwò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti gba ẹ̀mí là ju gbogbo oògùn tí a ń so mọ́ apá lọ. Èyí tí ó burú jù ni pé igbà kan ṣoṣo ni akọ̀pẹ ní. Bí ó bá já, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni a ti mọ ọgbọ́n yìí. Pliny, ará Róòmù tí ó kú ní ọdún 79 nígbà tí òkè Vesuvius tú iná jáde, kọ nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn ohun ìṣẹ̀dá pé àwọn ará Ìlà-Oòrùn máa ń fi òrùka tí a fi ẹ̀ka igi rírọ̀ hun yí ara wọn àti igi déètì ká, tí òrùka náà a sì máa bá wọn gòkè. Ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e, nínú ìwé kan tí a kà sí ti Lucian, a rí ìtàn ọkùnrin kan tí ó ń fi ẹ̀wọ̀n gun òpó gíga kan ní tẹ́ńpìlì Hierapolis ní ilẹ̀ Síríà. Nígbà tí òǹkọ̀wé náà fẹ́ kí òye rẹ̀ yé àwọn òǹkàwé, ó ní kí ẹni tí ó bá ti rí àwọn tí ń gun igi déètì ní Arébíà tàbí ní Íjíbítì rántí bí wọ́n ti ń ṣe é. Kò pọn dandan pé ẹnì kan ni ó kọ́ ẹnì kejì. Igi gíga tí kò ní ẹ̀ka lè kọ́ olúkúlùkù ní ẹ̀kọ́ kan náà.

Nínú ìtàn àròsọ àwọn ọmọ Yorùbá, èyí tí òkìkí rẹ̀ kọ́kọ́ kàn jù ní òkè òkun bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjàǹbá irú èyí. Nínú The Palm-Wine Drinkard, tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, adẹ́mu já láti orí ọ̀pẹ, ó kú, ọ̀mùtí tí ó ń dá ẹmu fún sì wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí ó fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, sọ ìtàn náà di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá. Àwọn tí ó kàwé náà àti àwọn tí ó wo eré náà pọ̀ jọjọ, wọ́n sì ti ṣe àríyànjiyàn lórí gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, láti orí èdè rẹ̀ títí dé orí àwọn iwin rẹ̀. A kì í gbọ́ kí ẹnì kan béèrè irú igbà tí adẹ́mu náà lò. Ìṣubú rẹ̀ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Irú ikú tí adẹ́mu ń kú ni.

Bí ó bá sì jẹ́ pé lójú ayé ni ó ṣẹlẹ̀, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé, ọwọ́ ta ni ó wà? Ta ni ó bá a jà ní ìjẹta? Ta ni ó ń ṣe ìlara rẹ̀? A kò gbọdọ̀ fi ìbéèrè yìí ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó ti gun ọ̀pẹ kan náà ní ẹgbẹ̀rún ìgbà láìṣubú, èéṣe tí ó fi ṣubú ní òní? Ìdí ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n bí a ti ń wá ọ̀tá, a kì í wá okùn. A ó gbé òkú lọ, a ó sì fi igbà tí ó já sílẹ̀ ní ìdí ọ̀pẹ, láìsí ẹni tí yóò yẹ ibi tí ó ti já wò. Ohun tí ìgbà ikú kan ì bá fi kọ́ ẹgbẹ́ akọ̀pẹ a sì sọnù.

Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ti wà nínú irú ìbéèrè yìí rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ẹjọ́ ni tiwọn ti ń jáde. Kí ó tó di 1897, òṣìṣẹ́ tí ó bá ṣubú láti orí ilé ní láti fi hàn pé ẹ̀bi ọ̀gá rẹ̀ ni, kí ó tó lè rí nǹkan gbà. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún náà yí ìbéèrè padà. Kò béèrè ẹni tí ó jẹ̀bi mọ́. Ó béèrè bóyá ẹnu iṣẹ́ ni ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀. Ó mẹ́nu kan àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lára ilé tí ó bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ, tí a ń fi àkàsọ̀ kọ́ tàbí tún ṣe. Iṣẹ́ oko kò sí nínú rẹ̀ títí di 1900, nígbà tí wọ́n ṣe òfin mìíràn láti fi kún un. Ọ̀pẹ tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 30 pọ̀ ní ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n nígbà tí irú òfin bẹ́ẹ̀ dé Nàìjíríà ní 1941, ẹni tí ó ní agbanisíṣẹ́ ni ó ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Òfin Owó Ìtanràn fún Òṣìṣẹ́ ti 2010, tí ó rọ́pò rẹ̀, ṣe dá lórí agbanisíṣẹ́ àti ẹni tí a gbà. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti 1987 ní tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́, oko ọ̀pẹ kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́. Akọ̀pẹ tí ó ni igbà àti àdá rẹ̀, tí a ń san owó fún ní iye igi tí ó gùn, tàbí tí ó ń pín ẹyìn pẹ̀lú onílẹ̀, a máa bọ́ sí àárín àwọn òfin wọ̀nyí bí ẹja kékeré ti ń bọ́ láàrin ojú àwọ̀n. Ó yẹ fún ẹ̀rín díẹ̀ pé nínú ìwé Deutarónómì, orí 22, òfin ti wà pé ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun kí ó mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já láti ibẹ̀. Onílé ni òfin àtijọ́ yẹn di ẹrù náà rù, kì í ṣe ẹni tí ó gòkè.

Ní ti ohun èlò, àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi ẹ̀mí púpọ̀ ra ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohun tí ń di ènìyàn mú àti ohun tí ń gbà á nígbà tí ó bá ti já. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ afárá Golden Gate ní San Francisco, láti 1933 títí di 1937, wọ́n ta àwọ̀n ńlá sí abẹ́ afárá náà. Ọkùnrin 19 ni ó já sínú àwọ̀n náà tí wọn kò kú. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì 1937, àkàsọ̀ kan já, ó fa àwọ̀n náà ya, ọkùnrin 10 sì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 1998, òfin ilẹ̀ náà ti kọ̀ pé kí a má ṣe fi bẹ́líìtì ìbàdí nìkan gba ẹni tí ó bá já, nítorí pé ó lè fọ́ inú ènìyàn, ènìyàn sì lè yọ́ jáde nínú rẹ̀. Okùn tí ó gba èjìká àti itan kọjá ni kí a lò. Irú bẹ́líìtì ìbàdí bẹ́ẹ̀ ni igbà jẹ́. Ó dára gidigidi fún dídi ènìyàn mú nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ó fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ fún un. A kò ṣe é láti gba ẹni tí ó ti ń bọ̀ wá sílẹ̀.

Síbẹ̀, ìwọ̀n ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ yẹ kí ó ti àwọn ará ìlú lójú. Akọ̀pẹ tí kò mọ̀wé kò jẹ́ gun ọ̀pẹ gíga láìso ara rẹ̀ mọ́ ọn. Lónìí, ní Ìwó bí ní Ìbàdàn, a máa ń rí bíríkìlà tí ó dúró sí orí àkàsọ̀ tí a fi ọparun àti pákó ṣe, ní ilé alájà mẹ́ta, tí kò sí okùn kankan ní ara rẹ̀, tí ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ sì dúró nílẹ̀ tí ó ń wò ó. Òun ní agbanisíṣẹ́, òfin sì rí i. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin oko àti ìlú tí a fi gbàgbé pé ènìyàn ń so ara rẹ̀ mọ́ ohun tí ó bá gùn, yóò dára bí àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ bá lè wádìí rẹ̀.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2005 lórí iṣẹ́ òkè sọ ohun kan tí ó rọrùn: bí iṣẹ́ kan bá ṣeé ṣe láti ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gòkè nítorí rẹ̀ rárá. Ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ ọ̀pẹ ń tọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èso púpọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí a dá sílẹ̀ nítòsí Ìlú Bìní ní 1939, tí ó di ti gbogbo àwọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1951, tí ó sì di NIFOR ti Nàìjíríà ní 1964, ti pín irúgbìn ọ̀pẹ tí ń tètè so fún àwọn àgbẹ̀. Ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀ a máa so láàrin ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, nígbà tí ènìyàn ṣì lè dúró nílẹ̀ gé ìdì rẹ̀. Bí ó bá ga sí i, a ó so dòjé mọ́ orí ọ̀pá gígùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ní ibi tí gígùn rẹ̀ mọ. Ọ̀pẹ tí àwọn baba ńlá dá sí nínú oko ti ga kọjá rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ta ni yóò wá gùn wọ́n? Ní agbègbè Òkìtìpupa, àwọn ará Ùròbò ti ń wá gba ọ̀pẹ láti ọwọ́ àwọn onílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, iṣẹ́ náà sì ti di tiwọn débi pé àwọn ọmọ onílẹ̀ mìíràn kò tilẹ̀ kọ́ ọ mọ́. Ní oko àwọn ará Ìwó, bí ní ọ̀pọ̀ oko Yorùbá mìíràn, ọmọ tí ó ti lọ sí ilé-ìwé kì í fẹ́ padà wá jogún igbà baba rẹ̀, kò sì sí baba tí ó lè fi tọkàntọkàn bá a wí lórí èyí. Nítorí náà ni ẹni tí ń gùn ún fi ń dàgbà sí i bí igi ti ń ga sí i. Níbi tí akọ̀pẹ bá ti tán, ẹyìn a máa pọ́n lókè títí yóò fi máa bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé a sì máa gbé agbọ̀n wá ṣà á nínú koríko ní ìdí ọ̀pẹ, ní òwúrọ̀, kí àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tó ṣáájú wọn.